Gbèsè Etí: Kí ni Àlejò Jẹ Olórin Ìlú?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Ìbéèrè kan ni. Bí ènìyàn bá jókòó síbi tí ẹlòmíràn ti ń kọrin, tí orin náà wọ̀ ọ́ lára, tí ó mú kí ìbànújẹ́ rẹ̀ fúyẹ́, tí ó wá dìde lọ sílé láìfún olórin ní nǹkan kan, ṣé ó jẹ gbèsè? Bí ó bá jẹ gbèsè, irú gbèsè wo ni? Bí ó bá sì jẹ́ pé owó tó wà lápò rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, tí ó jẹ́ owó tí ìyá rẹ̀ fi òógùn kó jọ kí ó lè fi kàwé ńkọ́?

Ẹlòmíràn lè sọ pé, “Ṣé èyí náà tó ohun tí a ń rò?” Ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí mi. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, ojú ṣì ń tì mí níbi kan nínú rẹ̀. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí mo ṣe dé Tokoin

Ọmọ Kétu ni mí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní ọdún 2004, mo lọ sí Lomé, olú-ìlú Tógò, láti lọ kàwé ní yunifásítì. Láti Kútọnu dé Lomé tó nǹkan bí 150 kìlómítà. Ẹnu ààlà Hilla-Condji ni a gbà kọjá. Ọdún 1970 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀. Université du Bénin ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Université de Lomé. Àdúgbò Tokoin ló wà. Tokoin kì í ṣe àdúgbò kékeré. Ó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ: Tokoin Hôpital wà, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá wà, Tokoin Gbadago wà, Tokoin Wuiti wà, Tokoin Doumasséssé wà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àlejò tó ń kàwé pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Gánà máa ń wá kọ́ èdè Faransé ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Village du Bénin, tí ó jẹ́ ti yunifásítì náà.

Àbúrò ìyá mi, tí mò ń pè ní Ìyá Kékeré, ló gbà mí sílé ní Doumasséssé. Ìyá mi ń ta gàrí àti àgbàdo ní ọjà Kétu. Lóṣooṣù, ó máa ń fi 15 000 fránkì rán awakọ̀ kan sí mi. Yóò dì í sínú àkísà funfun, yóò so ó ní kókó méjì. Mo mọ iye ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ wọn gàrí kí owó náà tó pé. Èmi fúnra mi ti bá a jókòó lọ́jà rí.

Ní Tokoin, orin kì í wọ́n. Ní ọjọ́ Sátidé, bí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó òkú, àwọn Éwé yóò lu agbadza: agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ìlù tí ń dá ara wọn lóhùn. Àwọn Kabíyè láti òkè ọya ní ìlù tiwọn. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yóò bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Bí oṣù kẹfà bá pé ọjọ́ 21, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún orin, wọ́n á gbé ohun èlò orin wá sí ìta gbangba. Ẹni tó bá lówó lè lọ sí àárín ìlú, sí ilé àṣà àwọn Faransé, kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé. Ẹni tí kò lówó, bùfẹ́ẹ̀tì ni yóò lọ, níbi tí orin ti ń jáde láti ọwọ́ ènìyàn, tí kì í ṣe láti inú rédíò.

Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Bella Bellow dáadáa. Ọdún 1945 ni wọ́n bí i ní Tsévié. Ó kọrin fún Tógò ní àjọ̀dún ńlá àwọn ènìyàn dúdú ní Dakar ní ọdún 1966. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní oṣù Kejìlá ọdún 1973, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Síbẹ̀, ní ọdún 2004 tí mo dé, kò sí bùfẹ́ẹ̀tì kan tí wọn kì í ti kọ orin rẹ̀. Àwọn tí a bí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ń gbè é.

Àwo tí ń lọ yíká

Bùfẹ́ẹ̀tì kan wà nítòsí ilé wa. Bàbá àgbàlagbà kan máa ń ta gìtá níbẹ̀ ní alẹ́ Sátidé. Lójú ọjọ́, ó ń tún rédíò ṣe lábẹ́ igi kan. Èmi nínú ọkàn mi ń pè é ní Bàbá Onígìtá. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń dè. Bí ó bá kọrin mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọmọ rẹ̀ obìnrin yóò gbé àwo kan yíká. Ẹni tó bá fẹ́ yóò fi 50 fránkì tàbí 100 fránkì sí i.

Mo lọ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ ṣàkíyèsí, oṣù mẹ́fà. Ìgbà náà ni ilé ń ṣe mí gidigidi. N kò gbọ́ Éwé, n kò gbọ́ Mínà, Faransé mi náà ń kọsẹ̀. Orin Bàbá Onígìtá ni mo fi kọ́ èdè ìlú. Láti inú orin ni mo ti mọ̀ pé “akpé” ni wọ́n fi ń dúpẹ́, àti pé “blewu” ni wọ́n fi ń sọ pé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí mo bá jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì, mo máa ń lè sùn.

Mo máa ń ra ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan ní 250 fránkì. Bí àwo bá dé ọ̀dọ̀ mi, mo máa ń gbà á, mo sì máa ń fi fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò fi kọ́bọ̀ sí i rí. Ìdí mi wà nílẹ̀: “Owó yìí kì í ṣe tèmi. Owó ìyá mi ni. Ìwé ni ó ní kí n fi kà, kò ní kí n fún onígìtá.” Bí mo bá ti sọ èyí fún ara mi, ọkàn mi á balẹ̀. Mo tilẹ̀ rò pé ọmọ rere ni mí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a dé ibẹ̀, a kò bá Bàbá Onígìtá. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwo. Ó ní bàbá òun wà ní ilé ìwòsàn, àwọn ń wá owó oògùn. Lápò mi, 5 000 fránkì wà níbẹ̀, tí mo fẹ́ fi ṣe fọ́tókọ́pì ìwé tí a máa fi ṣe ìdánwò. Ẹyọ owó 250 kan tún wà lọ́tọ̀, fún ẹlẹ́rìndòdò. Àwo dé ọ̀dọ̀ mi. Mo gbà á. Mo fi fún ẹnìkejì. Lẹ́yìn náà, mo ra ẹlẹ́rìndòdò mi, mo mu ún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá padà dé. Ó ti rù. Ó jókòó ta gìtá, kò lè dúró. Nígbà tí ó parí, ó ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, ó ń dúpẹ́. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Akpé.” Kí ni mo sọ? Mo ní, “Bàbá, kò tọ́pẹ́.” Mo gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tèmi.

Èrò méjì tí kò tó

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbìyànjú láti dá ara mi láre. Mo rí èrò méjì.

Èrò kìíní sọ pé orin dà bí atẹ́gùn. Kò sí ẹni tó jẹ atẹ́gùn ní gbèsè. Bàbá náà ì bá kọrin bóyá mo wà níbẹ̀ tàbí n kò sí. N kò bẹ̀ ẹ́. Èrò yìí ní òtítọ́ nínú fún ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì, tí orin fò ré kọjá ògiri bá a. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹni tó ń kọjá lọ. Mo máa ń pa ìwé dé, mo máa ń wọ aṣọ, mo máa ń yan àga tó sún mọ́ gìtá. Bí òjò bá rọ̀ sóko rẹ, o kò jẹ ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n bí o bá ń lọ pọn omi nínú kànga ọmọlàkejì rẹ lójoojúmọ́, tí o kò kí i, tí o kò bá a gbá ẹnu kànga, ta ni yóò sọ pé omi òjò ni o pọn?

Èrò kejì sọ pé orin dà bí ọjà. Ẹni tó bá gbọ́, kí ó san án. Ẹni tí kò bá san án, olè ni. Èrò yìí náà ní ibi tó wúlò. Bí wọ́n bá ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ, tí o san án, o ti san án nìyẹn. Bákan náà, ẹni tó ń fi orin àwo tàbí ti ẹ̀rọ pa owó, ó yẹ kí ẹni tó ni orin rí tirẹ̀ gbà. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Tógò fi ṣe òfin kan ní ọdún 1991 láti dáàbò bo iṣẹ́ àwọn olórin àti òǹkọ̀wé, tí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní BUTODRA sì ń gba ẹ̀tọ́ wọn fún wọn.

Ṣùgbọ́n orin kì í ṣe gàrí pátápátá. Bí ìyá mi bá wọn gàrí kóńgò kan fún ọ, ó ti dín kóńgò kan. Bí ènìyàn kan bá gbọ́ orin, orin náà kò dín fún ẹnìkejì. Bí a bá ní gbogbo ẹni tí kò san owó ni olè, ọmọ kékeré tó dúró létí ògiri, olè ni; arúgbó tó dùbúlẹ̀ àìsàn nínú ilé kejì, tí orin náà ń tù nínú, olè ni. Bàbá Onígìtá fúnra rẹ̀ kò ní gba èyí. Kì í lé ọmọ kékeré kúrò létí ògiri.

Nítorí náà, orin kì í ṣe atẹ́gùn lásán, kì í sì ṣe ọjà lásán. Kí ni, nígbà náà? N kò mọ̀ títí mo fi lọ sílé.

Ohun tí ìyá mi sọ

Nígbà ìsinmi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Mo rò pé yóò yìn mí pé mo tọ́jú owó rẹ̀. Ó ń fẹ́ àgbàdo lọ́wọ́. Ó gbé atẹ sílẹ̀.

Ó ní, “Ẹlẹ́rìndòdò tí o ń mu, owó ta ni?”

Mo ní, “Owó yín ni, Ìyá.”

Ó ní, “Ṣé mo ní kí o fi mu ẹlẹ́rìndòdò?”

Mo ní, “Rárá.”

Ó ní, “O rí i. Ẹnu rẹ mọ ọ̀nà owó mi, etí rẹ ni kò mọ̀ ọ́n. O ń ṣe ahun, o wá fi orúkọ mi bo ara. Àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ á máa rò pé ọmọ tí a kò kọ́ ni ọ́. Èmi ni o bà jẹ́, o sì ní nítorí mi ni.”

N kò lè fọhùn. Ó tún sọ pé, “Ká ní o gbé gbogbo 5 000 náà sínú àwo, èmi àti ìwọ ni à bá jọ fà á. Owó ìwé, owó ìwé ni. Ṣùgbọ́n 250 tó wà lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe owó ìwé.” Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú 1 000 fránkì, ó dì í lọ́tọ̀. Ó ní, “Ti onígìtá nìyí. Má dà á pọ̀ mọ́ tìrẹ. Kí o sì sọ òtítọ́ fún un.”

Owó náà kò nira láti gbé lé e lọ́wọ́. Òtítọ́ ni ó nira. Mo dé Tokoin, mo lọ bá a lábẹ́ igi tó ti ń tún rédíò ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé pẹ̀lú ìwọ̀nba Mínà tí mo gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní ọmọ òun ka orúkọ gbogbo ẹni tó fi nǹkan sínú àwo fún òun, kò dárúkọ ọmọ Kétu. Ó ní, “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí pé o máa ń dákẹ́ bí mo bá ń kọrin. Àwọn tó ń sanwó pọ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé mi lórí.” Lẹ́yìn náà ó gba 1 000 náà, ó ní kí n kí ìyá mi.

Gbèsè ọpẹ́

Ẹ̀yin ará, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ bàbá yìí àti ọ̀rọ̀ ìyá mi. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ta kora. Ìyá mi ní mo jẹ gbèsè. Bàbá ní mo ti ń san nǹkan kan nípa dídákẹ́ gbọ́. Mo rò pé òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ohun tí a jẹ olórin kì í ṣe iye owó. Ọpẹ́ ni. Ọpẹ́ sì ní ọ̀nà púpọ̀: etí tí a fi sílẹ̀ dáadáa wà nínú rẹ̀, ìkíni wà nínú rẹ̀, owó náà wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbára ẹni ṣe mọ. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọn kò ní ẹni tí kò sanwó. Wọ́n ní ẹni tí kò dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí. Bàbá lè sọ pé dídákẹ́ mi tó òun. Èmi kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìyẹn gbèjà ara mi. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè lè fi jì wá. Ẹni tó jẹ gbèsè kò lè fi ji ara rẹ̀. Dídákẹ́ kò sì ra oògùn. Lọ́jọ́ tí àwo náà wá nítorí àìsàn, owó nìkan ni ọpẹ́ lè jẹ́, 250 náà sì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà. Mo rò pé ojúṣe méjì ló ń bá ara wọn jà: ojúṣe sí ìyá mi, àti ojúṣe sí olórin. Irọ́ ni. Ìyá mi kò bá olórin jà. Ohun tó wà láàárín wọn ni ìgò ẹlẹ́rìndòdò mi. Nígbà púpọ̀ tí a bá sọ pé “ojúṣe ilé kò jẹ́ kí n ṣe rere níta,” kí a wò ó dáadáa. Bóyá ìgbádùn tiwa ni a fi aṣọ ojúṣe bò.

Ẹlòmíràn á ní, “Ẹni tó ń ná owó fún olórin lójú agbo ńkọ́, tó ń lẹ ẹ́ mọ́ ọn níwájú, nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò rí owó ilé ìwé?” Ẹni yẹn náà kò san gbèsè ọpẹ́. Ó ń ra orúkọ ni. Ọpẹ́ kì í pa ilé run. Ìyá mi ti sọ ọ́: owó ìwé, owó ìwé ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ju ti èmi nìkan lọ ni pé orin tí kò sí ẹni tó ń gbé e ró máa ń kú. Ní Lomé, ilé ìgbohùnsílẹ̀ ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní OTODI. Ó dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2018 ni ẹgbẹ́ Vaudou Game, ti Peter Solo ọmọ Tógò ń darí láti ilẹ̀ Faransé, gbé orin jáde tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ ilé náà pe àwo orin náà. Ṣáájú ìyẹn, ní 2014, Peter Solo ti pe Roger Damawuzan, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀, tó ti ń kọrin ní Lomé láti àwọn ọdún 1970, kí ó wá bá òun kọrin. Ọpẹ́ ọmọ sí àgbà ni mo ka ìyẹn sí.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Angélique Kidjo, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, wọ́n ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ogun àgbáyé kìíní parí, ní Paris. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè jókòó. Wọ́n ní kí Angélique Kidjo kọrin. Kò kọ tirẹ̀. “Blewu” ti Bella Bellow ni ó kọ. Ọdún 45 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tí olórin ọmọ Tógò yẹn ti kú. Aládùúgbò tó gbọ́ orin rẹ̀ nígbà èwe ló gbé e dé ibẹ̀. Bí a ṣe ń san gbèsè etí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwọn ọmọ wa tó ń lọ kàwé ní ìdálẹ̀. Ní ọdún 1993, nígbà tí ìlú Lomé dàrú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sá wá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà. Àwa ni onílé nígbà náà, àwọn ni àlejò. Ní 2004, àwọn ni onílé, èmi ni àlejò. Àlejò òní lè di onílé lọ́la. Bí o bá dé ìlú onílùú, tẹ́tí sí orin wọn. Kò ní ba ìwé rẹ jẹ́ bí o bá mọ ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí àwo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, má fi orúkọ ìyá rẹ gbé e fún ẹnìkejì.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ta ni ó ti ṣe yín lóore láìbéèrè owó? Báwo ni ẹ ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?
2. Ká ní ẹ̀yin ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí, tí 5 000 fránkì ìwé nìkan wà lọ́wọ́ yín, tí 250 kò sí, kí ni ẹ máa ṣe?
3. Ṣé ó yẹ kí ó sọ òtítọ́ fún Bàbá Onígìtá, tàbí kí ó fi owó náà sínú àwo kí ó dákẹ́? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.